Ọdún Tí Fìrísà Ìyá Mi Dákẹ́

Kí n tó la ojú láàárọ̀ ni mo ti máa ń mọ̀ bóyá iná wà tàbí kò sí. Fìrísà ìyá mi ló máa ń sọ fún mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá wa. Ó funfun, ó ti ń dípẹtà lẹ́sẹ̀, bí iná bá sì dé, á kọ́kọ́ gbọn ara rẹ̀ bí ewúrẹ́ tí òjò pa, lẹ́yìn náà ni á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, máa ń ní fìrísà ń ṣe asíkírì, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run, kí á má dà á láàmú. Yìnyín ni ìyá mi ń tà. Wọ́n á di omi sínú ọ̀rá, wọ́n á tò ó síbẹ̀, bó bá ti dì, àwọn elẹ́ja á wá rà á, àwọn tó ń ta ṣóbò náà á wá. Nígbà ààwẹ̀, gbogbo ọmọ àdúgbò ni á tò sí ẹnu ọ̀nà wa kí oòrùn tó wọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú abọ́ tàbí korobá, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣínu. Ìyá mi á máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á bi eléyìí bóyá òótọ́ ló gba ààwẹ̀ tàbí ó lọ mumi lẹ́yìn ilé, wọ́n á ní kí tọ̀hún yọ ahọ́n kí àwọn wò ó. Ohùn ìyá mi máa ń dé òpin àdúgbò. Bí mo bá ń bọ̀ láti ilé kéú, ohùn wọn ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti sún mọ́lé.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣú, tiráńsífọ́mà àdúgbò wa bú gbàmù, èéfín dúdú yọ lórí rẹ̀, ó tán. Àwọn òṣìṣẹ́ iná wá wò ó, wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé, wọ́n lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n padà wá gbé e lọ lódindi, ó wá ku ìpìlẹ̀ sìmẹ́ǹtì tó jókòó lé. Inú àwa ọmọdé dùn sí ìpìlẹ̀ yẹn, torí orí rẹ̀ tẹ́jú, ó dára fún ayò. Ọmọ tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ ni mí. Ìyá Àgbà máa ń ní ẹnu mi kì í sinmi. Mo bi bàbá mi pé níbo ni iná máa ń lọ bó bá lọ, ṣé ó máa ń dúró sí ibì kan ni àbí ńṣe ló máa ń kú. Bàbá mi, tí oko wọn wà lápá Alájùẹ́, tí wọ́n sì máa ń wálé ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kí wọ́n lè kírun Jímọ̀ ní ìlú, rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ bi tíṣà mi. Tíṣà mi ní kí n jókòó. Ó ti pẹ́ tí mo ti dàgbà, mi ò sì tíì rí ẹni tó dá mi lóhùn dáadáa.

Ká tó ṣẹ́jú, ilé wa ti padà sí ayé àtijọ́. Sítóòfù oníná tí ìyá mi fi ń dáná di ohun tí à ń gbé ìwé lé. Kẹrosíìnì wọ́n, ìgbà òjò sì ni, igi ìdáná tutù. Ìyẹ̀fun pákó ló kù. Èmi àti àbúrò mi, Làsísì, la máa ń lọ kó o nílé ìlagi, nínú àpò sìmẹ́ǹtì. Inú agolo ńlá ni a ti ń dáná rẹ̀, ó sì ní ọwọ́ tí a fi í ṣe é. A ó gbé ìgò dúró sí àárín agolo, a ó ki igi kan bọ ihò tó wà nísàlẹ̀ títí á fi kan ìgò náà, a ó wá máa da ìyẹ̀fun pákó yí i ká, a ó máa fi ọmọ odó gún un mọ́lẹ̀ kó le. Bó bá ti le, a ó rọra yí ìgò yọ, a ó fa igi yọ, ihò á ṣẹ́kù láàárín, ibẹ̀ ni iná ń gbà. Ẹni tó bá kánjú yọ ìgò, gbogbo rẹ̀ á wó, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Inú Ìyá Àgbà dùn sí iṣẹ́ yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi wọ́n ní ohunkóhun nípa iná dídá. Wọ́n wá gbé àpótí sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, wọ́n ń dárí gbogbo wa. Wọ́n ní ohun tí a ò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́, pé oúnjẹ oníná kì í ní adùn. Ní tòótọ́, ẹ̀wà orí ààrò yẹn dùn, mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n bí òjò bá ń rọ̀, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti ń dáná, ìyẹ̀fun pákó tó bá sì tutù, èéfín rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Á kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, á wọ yàrá, á wọ aṣọ ilé ìwé wa. Ìyá mi ló ń dúró ti ààrò yẹn láti ìgbà tí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán. Ojú gbogbo wa ló ń pọ́n nígbà náà, torí náà kò sẹ́ni tó mọ èyí tí èéfín fà yàtọ̀ sí èyí tí ẹkún fà. Mo ń rò ó lóde òní pé ìyẹn ni kò jẹ́ ká tètè fura.

Kì í ṣe lọ́jọ́ kan ni ìyá mi yí padà. Wọ́n kọ́kọ́ dẹ́kun ẹ̀fẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ènìyàn bá kí wọn, wọ́n á dáhùn ìdajì. Ọjọ́ kan, wọ́n se ọbẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i. Ìyá Àgbà tọ́ ọ wò, wọ́n wo ìyá mi, wọ́n mú iyọ̀, wọ́n bù ú sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, ìyẹ̀fun pákó wó mọ́ ìyá mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn tó jẹ́ pé bíi pé wọ́n ń ṣeré ni wọ́n ń rọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà kẹta, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n gbé ìgò yẹn lé itan, wọ́n ń wò ó. A lọ sílé ìwé láìjẹun. Nígbà tí a dé, ìgò náà ṣì wà lórí itan wọn.

Ohun kan wà tó ń yà mí lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní ojoojúmọ́, ìyá mi á ṣí fìrísà, wọ́n á fi àkísà nu inú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n á ki wáyà rẹ̀ bọ ara ògiri tí kò sí iná, wọ́n á wá pa á dé. Mo bi wọ́n pé kí ló wà nínú ibẹ̀. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọjọ́ kan tí wọ́n lọ pọnmi, mo gun àpótí, mo ṣí i, mo ki orí bọ inú rẹ̀. Òótọ́ ni, kò sí nǹkan kan, àfi òórùn ọ̀rá àti ìgbóná. Mo pe orúkọ ara mi, Kúdírá, ohùn mi padà wá bá mi. Mo tún un pè. Ìgbà tí mo máa yọrí, ìyá mi ló dúró lẹ́yìn mi yẹn pẹ̀lú korobá omi. Mo ti ṣe tán láti jẹ ìyà, torí ẹnì kan kì í fọwọ́ kan fìrísà yẹn láìgba àṣẹ. Wọ́n kàn gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n lọ da omi sí ìkòkò. Wọn ò bá mi wí rárá. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí fún ìgbà àkọ́kọ́.

Olúkúlùkù ló ní ohun tó pè é. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni, ó ti mọ́ ọn lára kí iná máa bá a ṣiṣẹ́. Ìyá Àgbà ní ẹ̀rọ kì í ṣe ọmọ, a kì í ṣọ̀fọ̀ ẹ̀rọ. Bàbá mi gbé àpò èédú kan wálé láti oko kí èéfín lè dínkù, wọ́n tún gba omi àdúà lọ́dọ̀ ààfáà. Ìyá mi mu omi náà, wọ́n dúpẹ́, wọ́n padà lọ dùbúlẹ̀. Bí bàbá mi bá bi wọ́n pé kí ló ń ṣe wọ́n, ìdáhùn kan náà ni: ó rẹ̀ wọ́n. Lóde òní tí mo ń gbọ́ rédíò, tí mò ń gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, mo máa ń padà lọ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn láti wá ibi tó gbà wọlé. Kì í ṣe àìsí iná nìkan. Ooru ni kì í jẹ́ kí wọ́n sùn, èéfín ló ń jí wọn. Àwọn elẹ́ja ò wá mọ́, àwọn ọmọ ò tò mọ́, nígbà tí ààwẹ̀ sì dé, òpópónà kejì ni gbogbo ènìyàn ti ń lọ ra yìnyín. Obìnrin tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ bí ìyá mi wá jókòó ti ògiri láti àárọ̀ dé àṣálẹ́, kò sẹ́ni tó ń wá nǹkan kan lọ́dọ̀ wọn.

Àfi Màmá Dúpẹ́. Ará Èkìtì ni wọ́n, ọkọ wọn ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, ilé tó kọjú sí tiwa ni wọ́n sì gbà. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, àwa jẹ́ Mùsùlùmí, ìyẹn ò dí nǹkan kan lọ́wọ́. Èédú ni wọ́n fi ń dáná, ṣùgbọ́n wọn ò mọ bí a ti í tan án, torí náà àràárọ̀ ni wọ́n ń gbé àpáàdì wá sílé wa láti fọnná. Nílé wa, ẹni tó wá fọnná kì í jókòó. Bó bá jókòó, ẹ̀yinná á kú mọ́ ọn lọ́wọ́, á sì tún tọrọ òmíràn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí àlejò bá ń kánjú, Ìyá Àgbà á bi í pé ṣé iná ló wá fọn ni. Màmá Dúpẹ́ kọ́ àṣà yìí kíákíá. Wọ́n á kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà, wọ́n á kó ẹ̀yinná mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n á kí ìyá mi láti ẹnu ọ̀nà yàrá, wọ́n á dúró díẹ̀ bóyá wọ́n á dáhùn, wọ́n á sì máa lọ. Mo máa ń rí i pé wọ́n á wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó rékọjá títì.

Nígbà tí ààwẹ̀ ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kó parí, Bàbá Àlájì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wá sílé wa lẹ́yìn ìrun àsàrì ìrọ̀lẹ́. Mò ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí mi. Wọ́n sọ fún bàbá mi pé bí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ bá ti kọjá, kí ìyàwó lọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Awo títí ara rẹ̀ á fi yá, kí àwa ọmọ dúró. Ọ̀rọ̀ rere ni létí. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ìsinmi yẹn jẹ́ nínú agbo ilé wa. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan lọ sinmi báyẹn pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ojú rẹ̀. Bàbá mi tẹ orí ba. Wọ́n ń fi ìka wa ilẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n máa gbà, torí wọn kì í já ẹ̀gbọ́n wọn níyàn.

Mo wá pinnu lọ́kàn mi pé iná ló gbọ́dọ̀ dé. Lójú mi, kò sí ohun mìíràn tó ṣe ìyá mi: iná lọ, ìyá mi bá a lọ, bí iná bá dé, ìyá mi á bá a dé. Bí mo bá ti kúrò nílé kéú, mo máa ń yà síbi ìpìlẹ̀ sìmẹ́ǹtì yẹn, mo máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, mo máa ń ṣe àdúà. Gbogbo ẹni tó bá gbé àkàbà kọjá ni mò ń bi bóyá òṣìṣẹ́ iná ni. Ẹ sì wò ó, nígbà tí ọdún ku ọjọ́ mẹ́rin, ọkọ̀ ńlá kan gbé tiráńsífọ́mà tuntun wá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo àdúgbò pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Fìrísà gbọn ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo sáré wọ yàrá bí ẹni tó mú èrè ìdíje bọ̀. Ìyá mi dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri.

Mo ní, "Ìyá mi, iná ti dé."

Wọ́n ní, "Mo gbọ́."

Mo dúró. Mo ní kí wọ́n dìde ká di omi sínú ọ̀rá, pé àwọn ọmọ á fẹ́ yìnyín fún ìṣínu. Wọn ò yíjú.

"Kúdí, jọ̀ọ́, lọ pa á. Ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi."

Mo lọ pa á. Ìta ń ho, Làsísì ń jó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo jókòó ti fìrísà, mo sunkún. Mo bínú sí ìyá mi. Mo bínú sí iná náà. Ohun tí mo ń tọrọ ti dé lẹ́yìn bí oṣù mẹ́rin, kò sì ṣe nǹkan kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Dúpẹ́ wọlé wa bí wọ́n ti máa ń wọlé, ṣùgbọ́n wọn ò mú àpáàdì lọ́wọ́. Ìyá Àgbà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní iná ti dé, èwo ni wọ́n tún wá fọn. Màmá Dúpẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, "Iná kọ́ ni mo wá gbà lónìí, Ìyá. Mo wá jókòó ni." Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọ yàrá, wọ́n jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Wọn ò sọ̀rọ̀. Èmi tí mo fẹ́ràn ìdí ọ̀rọ̀, mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń retí. Ó pẹ́ débi pé ẹsẹ̀ ro mí. Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn wọn kéré gan-an.

"Mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ mi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè mí, ó ń jìnnà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mo máa ń bi Ọlọ́run pé ṣé ó tún ti mọ́ ni."

Màmá Dúpẹ́ dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Wọ́n sọ fún wọn pé àìsàn ni, ó sì lórúkọ. Ó ti ṣe àwọn náà rí, lẹ́yìn tí wọ́n bí Dúpẹ́, àwọn ènìyàn sì rò pé ìgbéraga ni. Wọ́n ní dókítà wà tó ń tọ́jú rẹ̀, pé ó lóògùn, pé ẹnì kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni lọ, àti pé àwọn á bá wọn dé ọ̀hún. Ìyá mi bú sẹ́kún. Lẹ́yìn mi ni mo ti gbọ́ ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà. Ọwọ́ wọn kún fún eérú. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lé mi ni, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n kọjá mi lọ, wọ́n fara balẹ̀ jókòó sílẹ̀, àwọn tí eékún wọn kì í jẹ́ kí wọ́n jókòó sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ọdún tí mo bí ọkọ rẹ, ọyẹ́ dé, ó lọ, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí. Èmi náà ò wá bi ọ́, ìyàwó mi."

Lọ́jọ́ kejì ọdún, Màmá Dúpẹ́ àti ìyá mi wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fún wọn, mo tú àpò wọn wò nígbà tí wọ́n dé: oògùn funfun kékeré ni, kò tóbi ju èyí tí à ń lò fún ibà. Mo rò pé ọjọ́ kejì ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀. Wọn ò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, méjì kọjá. Wọ́n ń jí wẹ̀ báyìí, wọ́n ń kírun lásìkò, ìyẹn náà ni gbogbo ohun tí mo rí. Bàbá Àlájì wá dé ní àárọ̀ Jímọ̀ kan, ọkọ̀ tó máa lọ sí Awo dúró níta. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìyá mi ti di ẹrù fúnra wọn. Báàgì wọn wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti pa á dé. Mo ti rò pé àwọn ènìyàn fẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ mi; mi ò mọ̀ pé wọ́n ti gbà lọ́kàn wọn pé ó yẹ kí wọ́n lọ.

Bàbá mi dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa wò. Ìyá Àgbà ti orí àpótí wọn sọ̀rọ̀, wọn ò sì gbé ohùn sókè. Wọ́n ní àìsàn là á wò, wọ́n sì ti ń wò ó. Wọ́n wá kọjú sí Bàbá Àlájì, àkọ́bí wọn.

"Ibi tó ti rẹ̀ ẹ́ ni ẹ jẹ́ kó ti sinmi. Bí a bá lè jókòó wò ó kó máa fa èéfín fún wa, a lè dìde ká dáná fún un."

Bàbá Àlájì jókòó díẹ̀, wọ́n mu omi, wọ́n ní Ọlọ́run á fi àlàáfíà sí i. Mo gbọ́ nígbà tí ọkọ̀ náà lọ. Bàbá mi gbé báàgì, wọ́n gbé e padà sí yàrá, wọ́n sì tú u fúnra wọn, aṣọ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tí mi ò rí kí wọ́n ṣe rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àgbà ti fún mi ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, mo sì ti jẹ méjì. Ìyá mi jáde wá, wọ́n dúró, wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wá orúkọ mi lọ́kàn.

"Kúdí, o ti jẹun?"

Láti ìgbà tí tiráńsífọ́mà ti bú, wọn ò bi mí rí. Mo ní mi ò tíì jẹun. Wọ́n rìn lọ sídìí ìkòkò, díẹ̀díẹ̀, wọ́n bu oúnjẹ fún mi, wọ́n sì jókòó tì mí títí mo fi jẹ gbogbo rẹ̀ tán.